Ta Ló Ń Kì Wọ́n? Àwọn Akọ̀ròyìn àti Orúkọ Àwọn Akọni Bọ́ọ̀lù Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì ń pa á bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó fojú rí i bá ti kú tán, tí àwọn tó jókòó sí pápá lọ́jọ́ náà ti di ará ọ̀run, ìròyìn nìkan ló kù. Ohun tí akọ̀ròyìn kan sáré kọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni ọmọ tí a bí lẹ́yìn àádọ́ta ọdún yóò gbà gbọ́. Kókó yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, ibi tí mo sì ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ rẹ̀ jìnnà sí ilé díẹ̀: orí pápá bọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ló kan lítíréṣọ̀ Yorùbá níbẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ oríkì ni. Nílẹ̀ wa, ẹni tó ṣe akin kọ́ ló ń ki ara rẹ̀. Onírárà ló ń kì í, obìnrin ilé ló ń kì í, ọmọ tí kò tilẹ̀ rí i rí náà yóò kì í bó bá dàgbà. Bí a ṣe kì í ni yóò ṣe wà láyé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Akọ̀ròyìn eré ìdárayá ni onírárà àwọn ará Amẹ́ríkà, kò sì sí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti lágbára tó bọ́ọ̀lù Yunifásítì.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ eré náà. Bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ní Adámásìngbà. Bọ́ọ̀lù gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì ni, wọ́n ń gbé e sá, wọ́n ń jù ú, àwọn ọkùnrin fìrìgbọ̀n sì ń fi èjìká gbé ara wọn ṣánlẹ̀ nítorí rẹ̀. Èrò tó ń wò ó kì í ṣe kékeré. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan nìkan gba ju 107,000 ènìyàn lọ, ó sì máa ń kún. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn tó ń gbá a. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn náà. Ohun tí a bá sọ nípa ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjìdínlógún sí méjìlélógún ọjọ́ orí rẹ̀ ni yóò bá a dé sàréè. Àwa yòókù ní àǹfààní láti tún ara wa ṣe kí ayé tó mọ̀ wá. Wọn kò fún òun ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ère idẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Heisman. Láti ọdún 1935 ni wọ́n ti ń fi í dá akẹ́kọ̀ọ́ tó ta yọ jù lọ nínú ọdún lọ́lá. Iye ayò kọ́ ló ń sọ ẹni tí yóò gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn olùkọ́ eré. Ìbò ni wọ́n ń dì. Nínú àwọn tó ń dìbò lóde òní, àwọn akọ̀ròyìn jẹ́ 870, tí wọ́n pín sí agbègbè mẹ́fà. Àwọn tó ti gba ère náà rí ní ìbò tiwọn. Gbogbo ará ìlú yòókù sì ní ìbò kan ṣoṣo tí wọ́n para pọ̀ dì. Ìyẹn ni pé àwọn onírárà ló ń dìbò yan ẹni tó yẹ ní kíkì, lẹ́yìn tí àwọn kan náà ti fi oṣù mẹ́ta kì í tẹ́lẹ̀. Bí adájọ́ bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, tó tún jẹ́ alágbàwí, kò yẹ kí ẹnu yà wá bí ìdájọ́ bá wọ́.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó gbọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1924, nígbà tí Notre Dame na Army ní New York, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Grantland Rice fi mẹ́rin nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Notre Dame wé àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́rin inú Ìwé Ìfihàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n dídùn rẹ̀ nìkan kọ́ ló mú un pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń bá olùkọ́ eré ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe iṣẹ́ ìkéde, George Strickler, wá ẹṣin mẹ́rin, ó gbé àwọn ọmọ náà gùn wọ́n tàwọn ti aṣọ eré, ó sì ní kí wọ́n ya fọ́tò wọn. Fọ́tò yẹn ló rin gbogbo Amẹ́ríkà já. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wúwo ju 162 pọ́n-ùn lọ. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ka àpilẹ̀kọ yìí wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí wọn lórí ẹṣin kò béèrè ìwọ̀n wọn.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1970 ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Agbábọ́ọ̀lù Notre Dame kan wà tó ń jẹ́ Joe Theismann. Ní ilé bàbá rẹ̀, «Tísìmàn» ni wọ́n ń pe orúkọ náà. Roger Valdiserri, ẹni tó ń rí sí ìròyìn eré fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, wò ó pé bí wọ́n bá pè é ní «Táísìmàn», yóò bá Heisman dọ́gba létí bí orin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí orúkọ ìdílé padà nítorí ère idẹ. Fún àwa tí àmì ohùn kan lè sọ ọkọ di ọkọ̀, tó sì lè sọ igba di igbá, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá àwàdà. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìbò. Ìbò náà kò tilẹ̀ tó: Jim Plunkett ti Stanford ló gba ère lọ́dún náà, Theismann ṣe ipò kejì, ó sì ń jẹ́ orúkọ tuntun náà títí di òní.

Notre Dame kan náà ni Paul Hornung ń gbá fún nígbà tó gba Heisman ní ọdún 1956. Ìdíje mẹ́wàá ni wọ́n gbá lọ́dún náà, wọ́n borí nínú méjì péré. Hornung ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó di ayò, ó sì ju mẹ́tàlá sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọdún yẹn kan náà, Jim Brown, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan ní Yunifásítì Syracuse, gbé bọ́ọ̀lù sáré 986 yáàdì nínú ìdíje mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé Colgate, òun nìkan gba àmì 43. Ipò karùn-ún ni àwọn oníbò fi í sí. Mi ò sọ pé Hornung kò mọ bọ́ọ̀lù; ó mọ̀ ọ́n, ó ń sá, ó ń jù, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá, ó tún ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ Notre Dame ti wà nínú ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ Brown náà sì ti wà lójú àwọn oníbò kí wọ́n tó ka iye yáàdì rẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1961, ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ère yìí: Ernie Davis, láti Syracuse bíi ti Brown, tó wọ aṣọ 44 bíi ti Brown. Àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa á ní 1963 kó tó gbá bọ́ọ̀lù owó kan ṣoṣo. Bí àwọn akọ̀ròyìn kò bá dìbò fún un lọ́dún náà, ta ni ì bá máa dárúkọ rẹ̀ lónìí?

Ọmọ tiwa náà ti fojú rí i. Adewale Ogunleye, tí orúkọ rẹ̀ kò nílò ìtumọ̀ fún ẹni tó ń ka èdè yìí, gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Indiana ní òpin àwọn ọdún 1990. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ajubọ́ọ̀lù ọ̀tá ṣánlẹ̀, ó sì ṣe é ju ọgbọ̀n ìgbà lọ. Ṣùgbọ́n Indiana kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lọ bá ní Sátidé, nítorí pé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Orúnkún rẹ̀ tún bàjẹ́. Ní ọdún 2000, kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù olówó kan tó yàn án lọ́jọ́ ìyàn. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, nígbà tó ń gbá fún Miami, kò sí ẹni tó gbé ajubọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ tó o nínú gbogbo ìdajì líìgì tí wọ́n ń pè ní AFC: ìgbà 15 ni. Ọmọ náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àtùpà ni wọn kò tàn síbi tó wà.

Ní ti Johnny Bright, mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò rọrùn láti dájọ́.

Ọmọ bíbí Fort Wayne ní ìpínlẹ̀ Indiana ni Bright, ó sì lọ sí Yunifásítì Drake ní Des Moines, olú-ìlú Iowa. Ní ọdún 1949 àti 1950, bí a bá ro èyí tó sá pọ̀ mọ́ èyí tó jù, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tí yáàdì rẹ̀ tó tirẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1951, Drake lọ pàdé Oklahoma A&M, tí a mọ̀ sí Oklahoma State lónìí, ní ìlú Stillwater. Drake kò tíì pàdánù ìdíje kankan lọ́dún náà. Ariwo sì ti ń lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé adúláwọ̀ náà kò ní parí eré lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ayàwòrán méjì láti ìwé ìròyìn Des Moines Register, Don Ultang àti John Robinson, dojú kámẹ́rà wọn kọ Bright, wọn kò kọ ọ́ sí bọ́ọ̀lù. Ìdá kìíní nínú mẹ́rin eré náà nìkan ni wọ́n lè dúró wò, kí wọ́n baà lè padà lọ fọ fọ́tò wọn kí ìwé ìròyìn ọjọ́ Sunday tó jáde.

Ìṣẹ́jú méje àkọ́kọ́ kò tíì pé tí Bright ti dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀; ó ti gbé e fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn ti bá bọ́ọ̀lù lọ, ni Wilbanks Smith ti Oklahoma A&M wá fi ìgbọ̀nwọ́ lù ú lójú. Egungun àgbọ̀n rẹ̀ fọ́. Pẹ̀lú àgbọ̀n fífọ́ yẹn, ó tún ju bọ́ọ̀lù kan tó rin 61 yáàdì tó sì di ayò, kí wọ́n tó mú un kúrò lórí pápá. Drake pàdánù. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ará Iowa rí àwọn fọ́tò náà tẹ̀léra tẹ̀léra nínú ìwé ìròyìn: ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ibi tí Bright wà, ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yin àwọn ayàwòrán náà bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí fọ́tò wọn, ọ̀rọ̀ náà ì bá di ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́nu, wọn ì bá ní eré ló le, wọn ì bá ní Bright ló kọsẹ̀. Síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí tó hàn gbangba bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣètò ìdíje náà kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Drake fi ìbínú kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, Yunifásítì Bradley sì bá wọn jáde. Ọdún 2005, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ni Oklahoma State tó kọ lẹ́tà àforíjì. Bright ti kú láti 1983.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ya ọgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1952. Ẹni tó ni ọgbẹ́ ṣe ipò karùn-ún nínú ìbò Heisman. Mi ò fi ìyẹn bú àwọn ayàwòrán. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti ìgbà náà, àgbọ̀n tó fọ́ ti di gbogbo oríkì Bright. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sínú íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbọ̀nwọ́ Smith ni yóò kọ́kọ́ yọ sí yín. Ọkùnrin yìí kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù olówó ní Amẹ́ríkà, ó ré kọjá sí Kánádà, ó gba ife Grey Cup lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú Edmonton ní 1954, 1955 àti 1956, ó sá 10,909 yáàdì níbẹ̀, ní ọdún 1959 sì ni wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ ní gbogbo líìgì Kánádà, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ tọ́ sí. Ó di olùkọ́, ó di ọ̀gá ilé-ìwé ní Edmonton, ilé-ìwé kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Ìgbésí ayé odindi ọkùnrin nìyẹn. Akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kì í sábà dé ìdajì rẹ̀, nítorí pé fọ́tò ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá fọ́tò lọ sì ti wà nílẹ̀, kò sí ìdí láti tún wá òmíràn. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa òtítọ́ mọ́, wọ́n wá fi í sí àtìmọ́lé nínú ìṣẹ́jú méje.

Ohun tó ṣe Manti Te'o yàtọ̀ sí èyí pátápátá, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà ló ti jáde.

Te'o jẹ́ ọmọ ìran Samoa láti Láíè ní Hawaii, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Notre Dame, níbi tí oríkì kì í ti í wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, ìyá rẹ̀ àgbà kú. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sọ fún un pé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, tó ní àìsàn jẹjẹrẹ, náà ti kú. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn ó gbá bọ́ọ̀lù, Notre Dame sì na Michigan State. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìtàn ṣe ń wu akọ̀wé, ẹ fojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e. Kò sí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí kò sun ẹkún náà, kò sí ìwé ìròyìn ńlá tí kò fi ṣe àkọlé. Ojú Te'o wà ní iwájú ìwé Sports Illustrated nígbà tí oṣù Kẹwàá wọlé. Nígbà tí wọ́n ka ìbò Heisman, ipò kejì ló ṣe, lẹ́yìn Johnny Manziel.

Ọ̀rẹ́bìnrin náà kò sí. Kò gbé ayé rí. Ẹnì kan ló ń fi orúkọ àti fọ́tò ẹlòmíràn bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lórí fóònù, tó ń tàn án jẹ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2013, Timothy Burke àti Jack Dickey tú àṣírí rẹ̀ lórí Deadspin, iléeṣẹ́ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdá kékeré nínú owó àwọn ńlá wọ̀nyẹn. Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá? Wọ́n wá ìwé ikú obìnrin náà, kò sí. Wọ́n béèrè ní Yunifásítì Stanford, níbi tí wọ́n ní ó ti kàwé, wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi àwọn ìròyìn ńlá wé ara wọn, wọ́n rí i pé ọjọ́ ikú rẹ̀ kò bára mu láti ìwé dé ìwé. Ìpè fóònù méjì péré ni ì bá ti tú irọ́ náà fó láti oṣù Kẹsàn-án. Òwe wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Oṣù mẹ́rin ni irọ́ yìí lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó lé e.

Èmi kò dá Te'o láre pátápátá. Lẹ́yìn tí ìfura ti wọ̀ ọ́ ní oṣù Kejìlá, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ ní gbangba bí ẹni pé òkú náà kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tí wọ́n tàn jẹ ni, ojú ló ń tì í. Kí ni tiwọn, àwọn olóòtú tí irun orí wọn ti funfun, tí iṣẹ́ wọn ni láti béèrè? Nígbà tí ariwo sọ, ta ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́? Kò sí olóòtú kan tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ní pápá ìṣeré. Te'o ni wọ́n fi ṣe é, láti ìlú dé ìlú, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó kì í lẹ́kìí òdì ló tún yí padà tó ń fi í ṣe àwàdà, wọ́n sì gba owó iṣẹ́ nígbà méjèèjì. Ọdún 2022, nígbà tí Netflix gbé fíìmù jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀kún rẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń kọ̀wé pé àwọn ti ṣì í dá lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́wàá kò kéré nínú ayé agbábọ́ọ̀lù.

Àwọn kan yóò sọ pé onírárà tiwa náà ń purọ́, pé ibi tí owó bá ti ń já bọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń kọ sí. Òótọ́ ni, mo ti jókòó sí òde ìnáwó tó pọ̀ tó láti mọ̀. Ṣùgbọ́n oríkì fúnra rẹ̀, èyí tó ti pẹ́ lẹ́nu ìran, kì í ṣe ìyìn lásán. Ó ń gbé àbùkù mọ́ ẹwà. Ó lè ki ọba kan ní ọlọ́lá kó sì rán wa létí, nínú ẹ̀mí kan náà, ìwà ìkà tó hù tàbí gbèsè tó jẹ. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù tó sì gbé ìwé rẹ̀ I Could Speak Until Tomorrow jáde ní 1991, ṣàlàyé bí oríkì ṣe ń jẹ́ kí àwọn nǹkan tí kò bára wọn mu wà pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan gbé èkejì mì. Ohun tí iléeṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà kò mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Lójú tiwọn, bí ènìyàn kò bá jẹ́ áńgẹ́lì lónìí, èṣù ẹ̀gàn ni lọ́la.

Ẹ wo Reggie Bush. Ní ọdún 2005, kò sí ohun tí wọn kò pè é nígbà tó ń gbá fún Yunifásítì USC ní Los Angeles. Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n pàdé Fresno State, òun nìkan rin 513 yáàdì ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ó gba Heisman. Ní 2006, Yahoo gbé ìròyìn jáde pé àwọn kan tó fẹ́ máa bójú tó òwò rẹ̀ ti fún òun àti ìdílé rẹ̀ ní owó àti ilé gbígbé, èyí tí òfin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà. Ìròyìn òtítọ́ ni, mi ò sì bu ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdájọ́ ọdún 2010, wọn kò fi àbùkù kún oríkì rẹ̀. Wọ́n pa oríkì náà rẹ́ ni. Ó dá ère padà. Àkọsílẹ̀ eré rẹ̀ parẹ́ nínú ìwé. Wọ́n pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ má ṣe bá a da nǹkan pọ̀ mọ́. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn dìbò fún un wá ń ka àwọn tó gba ère náà, wọ́n ń fo ọdún 2005 bí ẹni ń fo kòtò. Ní 2021, òfin yí padà, akẹ́kọ̀ọ́ lè ta orúkọ ara rẹ̀ kó sì gba owó rẹ̀ ní gbangba. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n dá ère Bush padà fún un. Ohun tó ṣe kò yí padà láàárín ọdún méjìdínlógún yẹn. Àwọn tó ń sọ ọ́ ló yí ohùn padà.

Wọ́n ní nǹkan ti dára báyìí, nítorí pé agbábọ́ọ̀lù ní fóònù lọ́wọ́, ó lè bá ayé sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ akọ̀ròyìn kọjá. Ó dára díẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ki ara rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí pé olùpolówó ọjà ń sanwó fún un kò tíì bọ́ lọ́wọ́ onírárà; ó ti gba iṣẹ́ onírárà mọ́ tirẹ̀ ni.

Ẹnì kan wà tí mo máa ń rántí bí mo bá dé ibí yìí. Jack Trice ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́ Iowa State. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1923, wọ́n pàdé Minnesota. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú eré náà, ó sì kú ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan àwo idẹ kan mọ́ ara ògiri ilé eré ìdárayá fún ìrántí rẹ̀, eruku sì bò ó. Ní 1957, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Tom Emmerson rí àwo náà, ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kan tún gbé e dìde ní ọdún 1973, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń béèrè pé kí wọ́n sọ pápá ìṣeré tuntun ní orúkọ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ pe ilẹ̀ pápá náà nìkan ní 1984, wọ́n sì fi orúkọ mìíràn pe ilé tó yí i ká. Ọdún 1997 ni gbogbo rẹ̀ tó di Jack Trice Stadium. Akọ̀ròyìn ńlá kankan kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì gba owó-oṣù kan rí ni.

Wọ́n bá lẹ́tà kan nínú aṣọ Trice kí wọ́n tó sin ín. Ní hòtẹ́ẹ̀lì ló ti kọ ọ́, lórí ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, lálẹ́ tó ṣáájú eré náà. Ó kọ ọ́ sí ara rẹ̀: pé iyì ìran òun, ti ìdílé òun àti ti òun fúnra òun wà lọ́wọ́ òun lọ́la, pé òun yóò ṣe ohun ńlá. Kò sí ẹni tó rán an, kò sì sí ẹni tó ń retí pé kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa àwọn ọmọ tí mo dárúkọ lókè yìí, òun nìkan ni mo mọ̀ tí agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.